Búkà, fásìfúùdù, hòtẹ́ẹ̀lì: níbo ni kí ẹ kó ẹbí lọ jẹun ní Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá ti òkè òkun tàbí Èkó wálé sí Àkúrẹ́ fún ọdún kì í pẹ́ sọ ọ́ pé òun máa kó gbogbo ilé jáde lọ jẹun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè pé níbo ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á ní ṣíkìn àti ṣípìsì làwọn máa jẹ. Ẹ̀gbọ́n á ní ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà ni kí wọ́n lọ. Ẹni tó dé gan-an, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ oníyán láti ìgbà tó ti wọ bàálù. Màmá á wá ní ibi tó bá wu ẹ̀yin ọmọ náà ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ màmá yẹn bẹ́ẹ̀ o. Wọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n ní ibi tó wù wọ́n.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń lọ ló yẹ kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọdé á rí nǹkan jẹ níbikíbi tí ìrẹsì bá wà. Àgbà tí eyín ń dùn, tí kò lè jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò sì lè jìnnà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún wákàtí méjì, òun ni ìyà ibi tí kò dáa máa kọ́kọ́ jẹ. Ojú yìí ni mo fi wo àwọn ibi tí àwa ará Àkúrẹ́ sábà máa ń kó àlejò lọ.

Búkà oníyán

Ìlú iyán ni Àkúrẹ́. Àmàlà wà, ẹ̀bà wà, fùfú náà wà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ọmọ Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí Èkìtì léèrè oúnjẹ ọ̀sán, iyán ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Iyán tó dáa, ẹ máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Tó bá ti tó bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ohùn ọmọ odó á ti máa jáde láti ẹ̀yìn búkà. Wọ́n á kó iṣu gbígbóná látinú ìkòkò sínú odó, wọ́n á kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ fọ́, lẹ́yìn náà ni gígún gan-an á wá bẹ̀rẹ̀: ọmọ odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì ní kọlura. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gún á wọ́n omi díẹ̀ sí i, á yí i, á tún gún un títí kókó á fi tán nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e síwájú yín, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, tí ẹ bá sì bù ú, ó ń fà tẹ̀lé ọwọ́ yín.

Ẹ ò lè rí irú iyán yìí ní àwọn ibi yòókù. Ní fásìfúùdù àti ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, póńdò ni wọ́n ń rò, ìyẹn ìyẹ̀fun iṣu tí wọ́n ń dà sínú omi gbígbóná bí ẹni ń rokà. Póńdò kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ronú iyán láti ìlú òyìnbó kò yẹ kó bá a pàdé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè tààrà: "Ṣé iyán odó ni àbí póńdò?" Tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ bá kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dáhùn, póńdò ni.

Ìgbà tí ẹ wálé náà ní ipa tirẹ̀. Iṣu tuntun tó ń jáde láti nǹkan bí oṣù Keje ní omi nínú, iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, iṣu ti gbẹ dáadáa, ìdí nìyẹn tí iyán ọdún Kérésì fi máa ń dùn. Ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, iṣu ti wọ́n, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí iyán bá kéré tí owó rẹ̀ sì ga.

Ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, ilá àti apọ̀n ni ọbẹ̀ tí ẹ máa bá níbẹ̀, ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sí ni àwọn ará ilé sì máa ń béèrè jù. Iyán lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀: ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ka ẹran ewúrẹ́, pọ̀nmọ́, ṣàkì, ẹja gbígbẹ àti ìgbín. Ibẹ̀ ni owó ti ń fò lọ. Iyán fúnra rẹ̀ kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹran mẹ́ta mẹ́ta lórí àwo ẹni mẹ́sàn-án ló ń sọ owó búkà di owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìgbín pàápàá, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí àbúrò yín kan tó ké sí ìyá oníyán pé kí wọ́n fi sí àwo gbogbo ènìyàn.

Ìjókòó àti ooru ni ìṣòro búkà. Fáànù wà, ṣùgbọ́n iná BEDC ló ń yí i. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó di ẹ̀yin àti oòrùn ọ̀sán. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ̀wọ́n, pàápàá ní agbègbè Ọjà Ọba àti ojú ọ̀nà Ọba Adésidà tí ọkọ̀ ti máa ń há. Inú ọbẹ̀ ni ata wà, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́ kúrò fún ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà. Tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá kọjá, iyán lè ti tán. Ní ọjọ́ Àìkú ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí rárá.

Síbẹ̀, búkà ni mo máa mú fún oúnjẹ ọ̀sán tí ara àgbà bá ṣì le. Tí ara wọn ò bá le mọ́, ẹ má kó wọn lọ sí búkà, búkà ni kí ẹ kó wá bá wọn. Ẹ fọ kúlà méjì, kí ẹnì kan gbé e lọ kó tó di aago méjìlá. Ẹ bẹ ìyá oníyán pé kí wọ́n dì í ní ẹyọ ẹyọ, nínú ewé tí wọ́n bá ní i, tàbí nínú nílọ́ọ̀nù. Iyán tí wọ́n kàn jù sínú kúlà lásán máa ń làágùn, omi á dúró sí ìdí rẹ̀, kò sì ní ṣeé bù mọ́. Ọbẹ̀ nínú kúlà kejì. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, tí ọkọ̀ ò bá há, gbígbóná ni yóò dé.

Fásìfúùdù

Ẹni tó kúrò nílé nígbà tí Mr Bigg's, tí UAC bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ṣì jẹ́ ibi tí wọ́n ń mú ọmọ lọ tó bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, máa rí i pé ayé ti yí. Orúkọ tó wà lára pátákó ti pọ̀, èyí tó jẹ́ ti ọmọ ìlú àti èyí tó ti Èkó wá, àwọn míì tilẹ̀ ti ń ta ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ míìtìpáì.

Ohun tí wọ́n fi ju búkà lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò: jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà, iye owó wà lára ògiri, wọ́n sì ń ṣí di alẹ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù wọn kì í ta jù. Tí ọmọ mẹ́rin bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ebi ń pa wọ́n, ẹ má jà, ibẹ̀ ni kí ẹ kó wọn lọ.

Ìyá àgbà ńkọ́? Mo rí ìyá kan ní ọ̀kan nínú wọn, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gèlè wà lórí, ṣíkìn díndín àti ìrẹsì wà níwájú wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Omi ìṣanwọ́ dà?" Ọmọ-ọmọ wọn fi tíṣù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gbé ṣíbí oníke náà wò, wọ́n wá rọra ti àwo sọ́dọ̀ ọmọ náà pé kó jẹ ẹ́, àwọn ti yó. Wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Ibi ìṣanwọ́ sì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó rántí mú wọn dé ibẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni pé ẹ máa sanwó kí ẹ tó jẹun. Tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn àgbà bá yín dúró níwájú káúńtà, wọ́n á wo iye tó wà lára ògiri, wọ́n á wá sọ pé míìtìpáì kan ti tó àwọn. Ẹ kọ́kọ́ wá àga fún wọn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo wá lọ bá wọn rà á.

Hòtẹ́ẹ̀lì

Agbègbè Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí, ni ẹ ti máa rí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ilé oúnjẹ gidi. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, àga ní ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ aláìlera lè wọlé ní àwọn kan nínú wọn, ẹ sì lè sọ̀rọ̀ kí ẹnìkejì gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ tí ẹ mú wálé kọ́kọ́ rí bàbá, tàbí pé àwọn àna ń bọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ló yẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àna òun máa fi abẹ̀bẹ̀ lé ooru lára.

Oúnjẹ wọn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ìwé oúnjẹ á gùn, ẹ máa ka ogún nǹkan níbẹ̀, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ á sì sọ pé mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ "ò sí lónìí". Èyí tó wà náà lè tó wákàtí kan kó tó dé, nítorí ìgbà tí ẹ bá béèrè ni wọ́n tó máa gbé ìkòkò kaná. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀, ẹ sọ iye ènìyàn àti ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, kí ẹ sì béèrè bóyá VAT, tó jẹ́ 7.5%, ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ àbí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó ló máa yọjú. Owó tí ẹnì kan fi jẹun níbẹ̀ sábà máa ń tó ẹni mẹ́ta ní búkà.

Tí ilẹ̀ bá ṣú: àsun, sùúyà, ẹja àrọ̀

Èyí kì í ṣe ibi tí a ń kó gbogbo ilé lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ àsun jẹ́ ti wa, ẹni tó bá dé Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí kò jẹ ẹ́, a jẹ́ pé kò tíì dé. Ewúrẹ́ ni, wọ́n á fi iná sun ún tawọtawọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i nínú epo díẹ̀. Ó ta, ó sì le lẹ́nu. Àgbà tí eyín rẹ̀ ò pé mọ́ á kàn máa pọ́n ata rẹ̀ lá ni, àwọn ọmọ òkè òkun á sì fi omijé parí tiwọn. Fún àwọn tó wà láàárín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn ò tíì ríra láti ọdún pípẹ́, kò sí ibi tó dà bíi rẹ̀. Tí ìyá bá ní àwọn fẹ́ bá yín lọ, ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ ata ni kí ẹ rà fún wọn: ó rọ̀, ó gbóná, kò sì ní yọ eyín lẹ́nu.

Ilé ńkọ́?

Ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: "Kí là ń jáde lọ wá? Ẹ jẹ́ ká sè é nílé." Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè ẹni tó máa sè é. Àwọn obìnrin tó ti ń dáná láti ọjọ́ tí àlejò ti wọlé ni jíjẹun níta wà fún jù, kì í ṣe ẹni tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Tí ẹ bá fẹ́ jẹun nílé, ẹ san owó fún alásè kó wá sè é láàárín ọgbà, kó kó ìkòkò rẹ̀ wá, kó sì fọ̀ ọ́. Ìyẹn sàn ju hòtẹ́ẹ̀lì lọ tí ẹ bá ti lé ní ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ náà lẹ ti lè bẹ̀ wọ́n fún ohun tí búkà kì í sè lójoojúmọ́, bíi púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó ti àwọn ará Ìlàjẹ, tó bá jẹ́ pé ẹbí ìyá yín ti ibẹ̀ wá.

Owó àti ẹni tó máa san án

Ẹni tó ti òkè òkun dé ni gbogbo ilé ti fọkàn sí pé ó máa sanwó, kódà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ọ́. Bàbá lè ki ọwọ́ sápò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í, kí ẹ sì ti san án tẹ́lẹ̀. Ẹ má ka iye rẹ̀ sókè níwájú wọn.

Ẹ má ka iye ènìyàn láti inú ilé. Ẹni tó wá kí yín ní àárọ̀ á bá yín lọ, awakọ̀ á jẹun, ọmọ aládùúgbò tó ń bá àwọn ọmọ yín ṣeré á ti wọ ọkọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹni mẹ́fà ló ń di mọ́kànlá báyìí. Ẹ fi ti àwọn tó dúró sílé kún un, nítorí kò bójú mu kí ẹ padà dé lọ́wọ́ òfo. Owó ike tí wọ́n ń bu oúnjẹ ilé sí lọ́tọ̀ sì ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Káàdì báńkì òkè òkun, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Transfer ni gbogbo ènìyàn ń lò, búkà náà ń gbà á, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì lè kọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ẹ ó sì máa wo fóònù pẹ̀lú ìyá oníyán títí owó á fi wọlé. Ẹ mú owó dání, àwọn owó kékeré pàápàá, nítorí ṣéńjì.

Ọ̀rọ̀ eku

Àwọn tó wálé fún ọdún kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń bá fínra jù ní Nàìjíríà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbóná jù, ìyẹn àsìkò tí àlejò ń wọlé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e dé orí oúnjẹ àti àwo. Ọbẹ̀ tó ń hó kì í kọ mí lóminú. Oúnjẹ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, gàrí tí ẹ fẹ́ mu láìmọ ibi tí wọ́n sá a sí, àti àwo tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìbò ni mo máa ń wò kí n tó jókòó. Omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Tí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ padà sókè òkun, ẹ sọ fún dókítà pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ ti ń bọ̀. Tí ẹ bá ṣì wà nílé, FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, mọ ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Tí ẹ bá ń jáde kúrò ní Àkúrẹ́

Ìdànrè kò jìnnà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì máa ń fẹ́ gun òkè lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fẹ́ jẹun níta. Àtẹ̀gùn òkè yẹn ju 600 lọ. Ẹ má jẹ iyán kí ẹ tó gùn ún. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ fi àwọn àgbà sílẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ti kó oúnjẹ dání láti Àkúrẹ́, torí ẹ̀yin tó sọ̀ kalẹ̀ ò ní lè dúró de ẹnikẹ́ni kó gún iyán.

Ní ìlú Oǹdó, hòtẹ́ẹ̀lì àti fásìfúùdù ò pọ̀ tó ti Àkúrẹ́, àmọ́ ẹ ò ní wá iyán àti àsun tì. Àwọn ẹbí tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ bi, wọ́n mọ ẹni tó ń gún un lọ́jọ́ tí ẹ dé.

Tí ẹ bá wá ń padà sí Èkó gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ wọ̀, awakọ̀ ló máa yan búkà tí ẹ máa dúró sí. Kì í ṣe tìtorí ọbẹ̀ ibẹ̀ ló ṣe yàn án. Oúnjẹ tirẹ̀ kì í ná an ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníyán Àkúrẹ́ ti di tiyín sínú ewé kí ẹ tó gbéra, kó jẹ́ pé omi nìkan lẹ máa rà ní Ọ̀rẹ̀.